Pákó Wíwọ́ Tí Sàláwù Gbé Lọ sí Ìbíadé

Sàláwù ará Òkè-Ṣópẹ́n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá fi ogún ọdún jẹ lẹ́búlẹ́bú pákó, níbo ni yóò ti rí ẹnu sọ̀rọ̀? Ìsàlẹ̀ kòtò ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọn á yí gẹdú sórí kòtò, ẹnì kan á dúró lókè, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀, wọn á jọ máa fa ayùn gígùn. Ẹni òkè ló ń tọ ojú ìlà. Ẹni ìsàlẹ̀ kì í rí nǹkan kan. Bí ayùn bá ṣe ń bọ̀ wá sí i lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ ẹni tó wà lókè.

Lọ́dún kejì tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ dé, gbogbo ìlú ló ń wá pákó àga. Nọ́fíù ló wà lókè nígbà náà, alápàárá ọmọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tún funfun báyìí! Mẹ́kà lẹ ti ń bọ̀ ni?"

"Fa ayùn, jàre."

Ìgbà tó yá, ọmọ Nọ́fíù kú, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Wọ́n sin ín nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Nọ́fíù gbé ayùn, ó gba oko gẹdú lọ. Wọ́n ní ọkùnrin kì í jókòó ti òfò ọmọdé. Bàbá tirẹ̀ náà kò jókòó ti irú rẹ̀ rí. Asimawu ìyàwó rẹ̀ ń wò ó lẹ́yìn bó ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó kó ẹrù rẹ̀, ó di ilé ìyá rẹ̀ ní Ìbíadé.

Nọ́fíù ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ni Sàláwù ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é. Ayùn á wúwo, á dúró, á tún já wálẹ̀ lójijì. Omi kán sí i lórí lẹ́ẹ̀mejì, òjò ò sì rọ̀. Nígbà tí wọ́n la gẹdú ọjọ́ náà tán, pákó wọ́ bí ọ̀nà ejò.

Ọ̀gbẹ́ni Gbénró tó ni gẹdú dé lọ́jọ́ kẹrin, ó wò ó, ó pòṣé. "Ẹ fi dáná!"

Sàláwù ò fi dáná. Ó dúró kí ọkùnrin náà lọ.

"Asimawu ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun ò lè bá ẹni tí kò sunkún ọmọ rẹ̀ gbé."

Sàláwù wo pákó. Ó gé èyí tó gùn tó apá kan nínú rẹ̀, ó gbé e sí abẹ́ apá. Lọ́jọ́ kejì, òun àti Nọ́fíù wọ lọ́rì.

Ìbíkẹ́, ìyá Asimawu, wà nídìí ẹja tó ń yan, Asimawu jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀bẹ̀ lẹ wá bẹ̀, ẹ wá ru igi ìdáná wá? Igi ò wọ́n wa níbí o!"

Sàláwù ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti inú lọ́rì. Gbogbo rẹ̀ ló sá. Ó gbé pákó lé Asimawu lẹ́sẹ̀.

"Ọjọ́ kejì tí ọmọ lọ la la èyí. Ọwọ́ ọkọ rẹ ni. Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò la èyí tó wọ́ rí."

Asimawu fi ìka tọ ojú ibi tí ayùn gbà.

"Ó sunkún?"

"Orí mi ló ń kán sí."

Nọ́fíù kọjú sí èéfín ẹja. Asimawu wò ó pẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sun ún nílé, ká jọ sun ún?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Bí èmi náà bá bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò dì ọ́ mú?"

Ni obìnrin náà bá bú sẹ́kún, ni ọkọ rẹ̀ náà bá bú. Ìbíkẹ́ fa Sàláwù láṣọ. "Baba onígi, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta. Ẹ wá jẹ ẹja."

Asimawu kò bá wọn padà lọ́jọ́ náà. Nọ́fíù ló dúró tì í. Sàláwù nìkan ló wọ lọ́rì padà, ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò dúró lókè fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ onítọ̀hún ò tilẹ̀ dáa rárá. Sàláwù fara dà á.