Odó Tí Fóònù Gé Ìdí Rẹ̀

Ẹ jókòó dáadáa. Èyí kì í ṣe ìtàn ẹranko tó ń fọhùn. Ti Faridah ọmọ ọmọ mi ni, ní Ẹfọ̀n-Aláayè níbí.

Basit ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbẹ́ odó. Ọwọ́ rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ọjà kò tà, títí adìẹ fi ń yé ẹyin sínú odó tó ti gbẹ́. Ó wá ní bí oníbàárà kò bá yọjú títí ọjà tó ń bọ̀ á fi tú, òun á lọ máa gun ọ̀kadà n'Íjerò. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Faridah gbádùn. Ọ̀kadà ló pa bàbá wọn, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yìí.

Faridah ti ṣe ojú òpó ìtajà kan fún odó náà, lórí kọ̀ǹpútà ibi tó ti ń kọ́ṣẹ́. Lójú kọ̀ǹpútà, ó rẹwà. Odó dúró gbọn-in, bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti rà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò ó, ẹnì kan kò rà. Ọmọ yìí á jókòó, á dìde, á tún fọ abọ́ tó ti mọ́.

Obìnrin kan wá pè láti Arámọkọ, sórí fóònù kékeré Faridah tí kì í gbé àwòrán.

"Ẹ̀yin ará Ẹfọ̀n," ló wí, "ṣé odó yín kò nídìí ni? Ẹnu rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Àbí ìdí ti sán, ẹ wá ń fi í pamọ́?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: obìnrin wo ní Èkìtì ló máa ra odó láì dojú rẹ̀ délẹ̀ wo ìdí? Odó tí ìdí rẹ̀ bá sán, iyán àkọ́kọ́ ló máa là á.

Faridah já fóònù ńlá gbà lọ́wọ́ aládùúgbò wa kan, ó ṣí ojú òpó náà. Òótọ́ ni. Fóònù ti gé odó ní àárín, bọ́tìnì sì ti gba ẹ̀gbẹ́ sá lọ.

"Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń wò ó látọjọ́ yìí," ó ní. "Ta ló ń fi kọ̀ǹpútà ra odó?"

Basit rẹ́rìn-ín. "Máa wá ìdí odó nínú fóònù. Èmi ń di ẹrù mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rọra dì í."

Ó tún un ṣe kí àwòrán lè máa súnkì bí ojú fóònù bá ṣe kéré tó. Ó gbé bọ́tìnì wá sábẹ́ odó, ó sọ ọ́ di fífẹ̀ tó àtàǹpàkò àgbẹ̀. Ó dojú odó délẹ̀, ó ya àwòrán ìdí rẹ̀, ó fi í síwájú. Ó wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń yá fóònù wò. Lójú fóònù gbàràgàdà tí olùkọ́ kéú fi ń kọ́ ọmọ, odó tún wọ́. Ó sáré padà lọ tún un ṣe. Oúnjẹ tí mo bù fún un tutù síbẹ̀.

Ọjọ́ ọjà pé. Ọjà ti fẹ́ máa tú, Basit ti di ẹrù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà tó yá, nígbà tí ará Arámọkọ tún pè.

"Mo ti rí ìdí, mo ti tẹ bọ́tìnì. Ṣùgbọ́n èyí yẹn kúrú. Ẹ gbẹ́ èyí tó dé orúnkún mi."

Faridah sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Basit yíjú sí i.

"Orúnkún ta ni? Ṣé obìnrin náà ga?"

"Ẹ gba fóònù, ẹ bi í."

Ó bi í. Lẹ́yìn náà ó tú okùn, ó fa àáké tó fi ń gbẹ́ odó yọ. Ìyókù ẹrù, ó fi í sílẹ̀ bó ṣe dì í.