Àwẹ̀ Tí Màmá Bá Wa Gbà

Òórùn ẹja díndín ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ọkọ mi rà á gbóná wá sínú ilé orí omi tí a fẹ́ sùn mọ́jú, mo jẹ mẹ́rin nínú rẹ̀, mo sì lá ìka mi. Ní àkókò náà gan-an, ìyá ọkọ mi wà nílé wa ní Euless, ní Amẹ́ríkà, wọ́n pọn ọmọ wa olóṣù mẹ́rin, wọn kò sì fi nǹkan kan ẹnu, nítorí mo ti sọ fún wọn pé àwẹ̀ àti àdúrà ni èmi àti ọmọ wọn ń lọ.

Màmá ti Ìbàdàn wá láti bá wa tọ́jú ọmọ. Aago márùn-ún àárọ̀ ni wọ́n máa ń jí. Wọ́n á wẹ ọmọ, wọ́n á nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé omi gbígbóná kalẹ̀, wọ́n á fi aṣọ inú rẹ̀ tẹ èmi náà níkùn. Èmi, nọ́ọ̀sì àgbà, tí mo máa ń pàṣẹ fún odidi wọ́ọ̀dù! Mo ń gbádùn rẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣe ìyàwó rere láti àárọ̀ dalẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ mi ní òun ti háyà ilé kan lórí adágún odò tó wà lẹ́bàá Dallas, fún alẹ́ ọjọ́ kan péré, láti fi ṣe àyájọ́ ìgbéyàwó wa, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí mo fi ń wá báàgì.

"Kí la máa wá sọ fún Màmá?" ló bi mí.

Ojú tì mí. Ìyá ọkọ ti ọ̀nà jíjìn wá, kí n gbé ọmọ fún wọn, kí n wá lọ máa gbafẹ́ lórí omi? Ọkọ mi ní ká sọ òótọ́, pé ìyá òun ò ní bínú. Èmi ni mo kọ̀. Mo wọ yàrá Màmá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Mà, church wa ní retreat kan fún àwọn tọkọtaya, àwẹ̀ àti àdúrà ni. Ọ̀sán ọ̀la la máa dé. Wọn kì í gbà ká tan fóònù níbẹ̀."

Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ní, "Ọlọ́run á gbọ́ tiyín, ìyàwó mi. Ẹ máa lọ. Èmi náà á máa bá yín fi àdúrà tì í." Mo ṣe àmín kíkankíkan. Ó yẹ kí n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá tó bí mi pàápàá kì í jẹun bí a bá ń gbààwẹ̀ nínú ilé, ì báà jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo máa wọ̀ lórí omi ni mo ń rò lọ́wọ́.

Ilé náà kò tóbi. Yàrá kan, ibi ìdáná kékeré, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí omi, wọ́n wá fi okùn tó nípọn so gbogbo rẹ̀ mọ́ èbúté. Bàbá òyìnbó tó ni ín fún wa ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ọkọ mi wọ tirẹ̀, ó kọ̀ kò bọ́ ọ mọ́. Ó wọ̀ ọ́ jẹun, ó wọ̀ ọ́ sùn, mo fẹ́ dì mọ́ ọkọ mi lálẹ́ àyájọ́ ìgbéyàwó wa, ẹ̀wù fùkẹ̀fùkẹ̀ ni mo dì mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bẹ́ẹ̀dì ń mì díẹ̀díẹ̀, omi ń rọra gbá ara ilé náà lábẹ́ wa, mo sì sun irú oorun tí mi ò tíì sùn láti ìgbà tí mo bímọ. Ó ń dùn mí títí dòní pé mo sùn dáadáa lóru yẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ mi fẹ́ tan fóònù kó fi béèrè àlàáfíà ọmọ. Mo ní, "Fi sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ṣebí àdúrà là ń gbà." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Aago kan ku díẹ̀ la délé. Ibi tí a páàkì sí la ti ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Ó wà nínú bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sóhun tó ṣe é, àfi pé ó ti sunkún títí ohùn rẹ̀ ti há. Ní kíṣìnnì, Màmá jókòó sílẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti fíríìjì, òógùn ti rin gbogbo aṣọ wọn. Mo pè wọ́n, wọ́n dáhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò já gaara. Àwo mẹ́ta wà lórí tábìlì, wọ́n ti bu mọ́ínmọ́ín sínú wọn, wọ́n sì fi nǹkan bò wọ́n.

Màmá ní àtọ̀gbẹ. Èmi fúnra mi ni mo kìlọ̀ fún wọn pé wọn ò gbọdọ̀ fo oògùn wọn lọ́jọ́ kankan, wọn ò sì fò ó. Wọ́n lò ó lálẹ́, wọ́n tún lò ó láàárọ̀, láìjẹun rárá. Mo gún wọn níka, mo wo iye tí ṣúgà ara wọn kù sí, mo pariwo. Ọkọ mi pe áńbúláńsì. Èmi kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo po ṣúgà mọ́ omi ọsàn, mo ń fún wọn mu díẹ̀díẹ̀. Kí áńbúláńsì tó dé, ojú wọn ti ń wálẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ má bínú. Mo ní kí n dúró dè yín ká lè jọ ṣínu ni."

Ọkọ mi yíjú sí mi. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tí ara Màmá yá tí wọ́n padà sí Ìbàdàn, wọ́n jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pé ikú fò wọ́n dá nítorí àwẹ̀ tí àwọn bá àwọn ọmọ àwọn gbà ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mo fèsì pẹ̀lú "Àmín", mo sì lọ jókòó sínú mọ́tò mi fúngbà pípẹ́. Ó gbà mí ní ọdún mẹ́ta kí n tó lè jẹ́wọ́ fún wọn lórí fóònù. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ó rẹ̀ ọ́ nígbà yẹn, èmi náà rí i. Ò bá kàn ti sọ fún mi." Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, mo sì mọ̀ pé wọ́n ti dárí jì mí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, dókítà rí kókó kan ní ọmú mi, wọ́n ní àwọn máa gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò náà padà jáde dáadáa, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí mi ò tíì mọ èsì, tí ẹ̀rù bà mí débi tí mi ò lè wakọ̀, Màmá ni mo pè. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ bá mi gbàdúrà. Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn wọn nígbà tí wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó mi, ṣé òótọ́ ni èyí?"

"Òótọ́ ni, Mà," ni mo wí, ó sì dún bí irọ́ létí èmi fúnra mi.