Ìṣẹ́tí Ẹní Yèyé Mi

Ní gbogbo Ògòtún, kò sí kòkó tó ń so bí tèmi. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó kàwé ló ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ oko. Nítorí náà, nígbà tí yèyé mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, tí kò dá èmi ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́, mo ní èmi náà ni n ó wò ó sàn. Àràárọ̀ ni mo ń dúró níwájú rẹ̀: "Yèyé, ta ni mí?" Á wò mí títí, á sì bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́, inú bí i. "Bàbá, ṣé ìdánwò lẹ gbé fún màmá ni? Ẹ yéé bi wọ́n. Iṣẹ́ tí ọwọ́ wọn mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ gbé síwájú wọn. Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé."

Ẹní híhun ni ọwọ́ yèyé mi mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nídìí ẹní ni mo máa ń sùn sí nígbà èwe mi, tí òórùn koríko tútù ń ta sánsán sí mi nímú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó nà tẹ etí ẹní mọ́lẹ̀. Ìyàwó wo ló ń lọ ilé ọkọ nígbà náà láìká ẹní dání? Òórùn yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Mo ra koríko, mo rẹ ẹ́, mo kó o fún un. Kò fọwọ́ kàn án. Ni èmi ọkùnrin bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń hun ẹní, iṣẹ́ obìnrin. Aládùúgbò wa obìnrin kan ń kọjá lọ, ó pariwo ẹ̀rín.

"Bàbá olóko, ìgbà wo lẹ ń lọ ilé ọkọ?"

"Ẹ jẹ́ n parí ẹní ná!"

Ìṣẹ́tí tí mo ṣe sí etí ẹní náà wọ́ bí ejò. Yèyé wò ó, wò ó, ara rẹ̀ kò gbà á.

"Irú uṣẹ́ wo lèyí? Ta ló kọ́ ọ? Tú u!"

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ìka rẹ̀ ń sáré: ó gbé ọ̀kan, ó tẹ méjì mọ́lẹ̀, ó fà á le. Ẹnu ń yún mi láti bi í bóyá ó mọ̀ mí. Mo pa á mọ́.

"Má jẹ̀ẹ́ kó dùn ọ́," ló wí, láìgbójú sókè. "Ọmọ mi ọkùnrin náà kò mọ̀ ọ́n hun. Ṣùgbọ́n òun ló kan páànù ulé yìí fún mi. Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún yèyé rẹ̀?"

"Kò sí, Yèyé."

"Jókòó dè é. Kò ní pẹ́ ti oko dé."

Mo sún mọ́ ọn, mo mú fọ́nrán mìíràn.