Ọsàn Inú Ìbọ̀sẹ̀ Tíṣà

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, aládùúgbò mi dáná sun èèpo ọsàn gbígbẹ láti fi lé ẹ̀fọn. Bí òórùn yẹn ṣe gbá mi nímú báyìí, kíláàsì wa ní Yaba ni ọkàn mi lọ tààrà, lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń pe owó ní náírà.

Tíṣà wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan, bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ níwájú wa. Ẹ má wulẹ̀ béèrè bó ṣe ń rùn. Ó sọ ọsàn kan sínú rẹ̀, ó di ẹnu rẹ̀ mú, ó ń fì í yí orí ká. Ó ní ọsàn ni ayé, ọwọ́ òun ni oòrùn. Oòrùn ń fa ayé mọ́ra, ayé náà ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi já lu oòrùn, tí kò sì rí ibi sá lọ.

Bísí, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, nawọ́. "Sà, ṣé oòrùn nìkan ló ń fà á ni?"

Inú Tíṣà dùn dé eyín. Ó ní rárá o, àwọn ayé ńláńlá yòókù tó ń yí oòrùn ká náà ń fà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń mú ọ̀nà rẹ̀ yẹ̀. Ọ̀nà yẹn gan-an kò rí róbótó tán, bí ayé bá sì ti súnmọ́ oòrùn, eré rẹ̀ á le sí i. Ibi tó ti ń ṣàlàyé ni ìbọ̀sẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ọsàn bá gba ojú fèrèsé jáde. Ẹ̀rín pa wá, àfi Bísí tó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Lóṣù tó tẹ̀lé e ni bàbá Bísí kú ní Ìpọ̀nrí. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú lọ. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí lè má mọ̀: nígbà yẹn, bí bàbá bá kú, ẹbí á jókòó, wọ́n á pín àwọn ọmọ láàárín ara wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n fẹ́ fa Bísí lé lọ́wọ́, ẹni tó ní kí ni obìnrin fẹ́ fi sẹ́kọ́ńdìrì ṣe. Bẹ́ẹ̀ Bísí ti yege ìdánwò. Ará ìta kò sì gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ tọrọ ọmọ, wọ́n á ní ó fẹ́ gba ọmọ ọlọ́mọ. Àfi kí ọmọ náà ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni Bísí rán. "Jọ̀ọ́, bá mi bẹ màmá ẹ kó tó di Sátidé. Màá máa fọ abọ́. Ilẹ̀ ni màá sùn."

Mo ní màá sọ. N kò sọ. Ìlara ni, ẹ jẹ́ n sòótọ́: ìgbàkígbà tí Bísí bá wá sílé wa ni Màámi máa ń ní kí n wo ọmọ tó gbọ́n. Mo dákẹ́ lọ́jọ́rú, mo dákẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tó di Sátidé, wọ́n mú un wọ mọ́tò ní Ojú Ẹlẹ́gbà, aṣọ rẹ̀ wà nínú páálí. Ó wò mí, kò juwọ́.

N kò rí i mọ́. Mo wá a dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n ní wọ́n ti fi í fọ́kọ, wọn ò mọ ibi tí ọkọ gbé e lọ. Lónìí, fóònù làwọn ọmọ fi ń wo bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká, ayé náà ò sì yéé yí. Ìyẹn ò tù mí nínú rárá.

Nígbà tí Màámi darúgbó, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní: "Mo ti ra bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ ni mò ń retí kó o lanu."