Àkànjí, Rọra O

Ní ọjọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ lò kẹ́yìn, dòdò jóná mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí mo jókòó ka ìwé sí. Orí àga ní pálọ̀ ló ti ń wò mí, nítorí àárẹ̀ kò jẹ́ kó lè dìde. Ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ni ní Yorùbá títí ẹ fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ́ dín dòdò, ṣé kì í kọ́kọ́ dín iná ni? Ẹ rọra." Mo ní dín àti dín yẹn, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún dòdò.

Rọra yìí náà ló gbé mi dé Berlin. Ará Japan kan wà tó ń sá máratọ́ọ̀nù, eré ìje ọ̀nà jíjìn, tí ìyàwó mi fẹ́ràn bí ọmọ inú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ṣòro pè, ìyàwó mi sì fún un ní oríkì: Àkànjí. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni Àkànjí ti ń sá ekiden, eré tí wọ́n máa ń pín sá, tí ẹni tó bá sá tirẹ̀ tán á bọ́ ọ̀já tó gbé kọ́ èjìká fún ẹni tó kàn. Lọ́jọ́ kan, ó ṣubú kó tó bọ́ ọ̀já náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù. Síbẹ̀ ilé iṣẹ́ kan gbà á: ọ́fíìsì láàárọ̀, eré sísá lọ́sàn-án. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá sí Berlin, òun ló ṣíwájú gbogbo wọn títí ó fi kù díẹ̀, ni ẹsẹ̀ bá kọ̀. Ìyàwó mi pariwo mọ́ tẹlifíṣọ̀n: "Àkànjí, rọra!" Mo bi í pé ta ló ń sọ fún ẹni tó ń sáré ìje pé kó rọra. Nígbà tó tún padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gba ipò kẹta. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ìyàwó mi gbọ́ pé Àkànjí ń bọ̀ wá sá eré ìkẹyìn rẹ̀ ní Berlin, ó ní, "Tí mi ò bá lè débẹ̀, ẹ bá mi sọ fún un pé kó rọra. Kẹ́ ẹ pariwo o." Mo ṣèlérí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ wa ní Wilhelmsburg, àdúgbò tí à ń gbé ní Jámánì, ló mọ̀ pé halelúyà mi kì í kọjá kọ́là ẹ̀wù mi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Sátidé, ọjọ́ kan ṣáájú eré náà, tí mo fi kúrò nílé. S-Bahn, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, gbé mi kọjá Veddel, níbi tí àwọn tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní èbúté ti ń sùn lórí ìdúró. Ní ibùdókọ̀ àgbà, mo ra Franzbrötchen, búrẹ́dì oníṣúgà tó rí pẹlẹbẹ bí ẹni pé ẹnìkan jókòó lé e. Yúrò méjì àti ààbọ̀! Mo jẹ ẹ́ tán kí n tó bínú. Ọkọ̀ tó ń yára dé Berlin wà, ṣùgbọ́n èyí tó ń dúró ní abúlé gbogbo ló gba tíkẹ́ẹ̀tì olóṣooṣù mi. Mo sì rò ó pé ẹni tó ń lọ kígbe rọra kò yẹ kó sáré.

Ọ̀dọ̀ Bọ́sẹ̀, àbúrò ìyàwó mi, ni mo dé sí ní Hellersdorf, ní Berlin. Àwọn ilé ibẹ̀ jọra bí ẹyin inú páálí. Mo tẹ aago ilé onílé. Ìyá arúgbó kan, ará Jámánì, yọrí lójú fèrèsé, kò bi mí pé ta ni mò ń wá. "Dritte Tür," ó ní, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kẹta. Ó ti ń tọ́ka àwa ọmọ Nàìjíríà síbẹ̀ tipẹ́.

Lọ́jọ́ kejì a dúró létí títì. Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbà ló ń sáré lọ́jọ́ náà, wọn ò lé nǹkan, nǹkan ò lé wọn, wọ́n sì tún sanwó sí i. Bọ́sẹ̀ mú ìkòkò àti ṣíbí tó máa fi lù ú dání. Obìnrin ará Japan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kígbe "Ganbatte!" Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn sa ipá rẹ̀, kó má juwọ́ sílẹ̀. Ó bi mí pé kí lèmi fẹ́ sọ. Mo túmọ̀ rọra sí èdè Jámánì fún un. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá.

Bọ́sẹ̀ ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé àwọn ará Kenya ló rán wa."

Àkànjí yọ. Àwọn tó ṣíwájú ti kọjá tipẹ́, ó sì ń tiro díẹ̀. Mo la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó kọjá.

"Ó ti lọ o!" Bọ́sẹ̀ figbe ta. "Kí lẹ fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

Ohùn kan tí mi ò mọ̀ rí bá já jáde lẹ́nu mi: "Àkànjí! Rọra o, ọmọ mi! Ìyá rẹ ló ní kí n sọ fún ọ!"

Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo bá sọ̀rọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ojú sì ti tì mí tán, mi ò rí ìdí tí màá fi dákẹ́ mọ́. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni mò ń sọ fún pé kó rọra. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin oníkùn ńlá kan, ọmọ Yorùbá, wọ́ ẹsẹ̀ débẹ̀.

"Ẹ rọra o!"

"Ẹ ṣé, Bàbá! Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ láti àárọ̀!" Ó sì fi eré sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún. Mo bá a di ìkòkò mú.

Ọ̀sán Mọ́ńdè ni mo wọlé ní Wilhelmsburg, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Bọ́sẹ̀ dì fún mi. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti jáde láyé, búrẹ́dì ni mò ń jẹ. Mi ò tíì tan iná ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan. Mo gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo gbé òróró kaná, mo sì dín iná náà kù. Mi ò jókòó, mi ò ka ìwé. Mo dúró tì í. Dòdò pọ́n, kò jóná.

Mo kọjú sí àga rẹ̀ ní pálọ̀, mo sì sọ ọ́ sókè dáadáa: "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni."