Ọ̀rọ̀ Kan Tó Dún Bí "Ajá"

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi mú ọmọbìnrin kan dé láti Gánà, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò níwájú ilé wa ní Ìlobù, tó di ike omi kan mọ́ àyà bí ẹni pé a fẹ́ gbà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn òbí ìyá rẹ̀ ló jẹ́ aládùúgbò ìdílé ọkọ mi ní Kùmásì látijọ́. Ìyá náà kú, kò sí ẹni tó kù fún ọmọ, àwa náà sì ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ láti ọjọ́ pípẹ́. A parí ètò ìjọba lọ́hùn-ún àti níbí, ó sì di ọmọ wa. Èmi olùkọ́ ti múra sílẹ̀ dè é. Òyìnbó tó gún régé ni mo fi kí i, torí ẹnìkan ti fi dá mi lójú pé òyìnbó ni wọ́n ń mu bí omi ní Gánà. Ọmọ ń wò mí. Mo tún un sọ, mo gbóhùn sókè, àfi bí ẹni pé etí ló di. Nígbà tí òyìnbó tán lẹ́nu mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní oríta. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ní, Olúwa ṣeun, a ti gbọ́ra wa yé.

Ẹnì kan ṣoṣo tó lè bá a sọ̀rọ̀ nínú ìdílé wa ni ìyá ọkọ mi ní Ìfọ́n. Kùmásì ni wọ́n bí màmá sí, ọ̀dọ́mọbìnrin sì ni wọ́n nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àwọn àlejò kó ẹrù wọn máa lọ sílé. Ìfọ́n ni wọ́n ti wá bí ọkọ mi, kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè Kùmásì. Èdè tí màmá fi ń ṣòfófó pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù ni; ta ló ń kọ́ ọmọ ní irú ìyẹn? Ṣùgbọ́n màmá ò fẹ́ ọmọ yìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí ọkọ mi fẹ́ ìyàwó kejì, kó bí tirẹ̀.

A mú ọmọ lọ kí wọn. Àwọn àgbà ilé ti pé sí pálọ̀. Mo ti kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ láti ilé, ó sì kúnlẹ̀ dáadáa, gbogbo wọn ní, "Káre!" Mo wá gbé ife omi lé e lọ́wọ́ kó gbé e fún ọkọ mi. Ó rọra lọ, ó tún kúnlẹ̀, ó gbójú sókè, ó sì pè é. Kò tíì pè é ní ohunkóhun rí. Gbogbo wa la gbọ́ ọ ketekete: "Ajá."

"Kí ló pè é?" Àbúrò bàbá ọkọ mi ló bèèrè.

"Ajá ni o," ìyàwó wọn dáhùn. "Ẹ wá wò ó, wọ́n wọ mọ́tò lọ ra èébú bọ̀ láti Gánà!"

Mo yíjú sí ìyá ọkọ mi. "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè wọn, kí ló ń sọ?"

"Èmi kẹ̀?" Wọ́n ń pa ẹ̀pà lọ. "Ó ti pẹ́ jù. Mo ti gbàgbé."

Ọmọ rò pé a ò gbọ́ ni. Ó tún un pè, sókè sí i, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọkọ mi gbá a létí. Omi dà sí i lára, kò sì sunkún. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ó bẹ̀rẹ̀ iléèwé, Yorùbá ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé ìwé kíkà rẹ̀ wá bá mi ní ìdáná. Ojú ewé àkọ́kọ́ ló ṣí: A, a, ajá, pẹ̀lú àwòrán ajá tó na ahọ́n síta.

"Mọ́mì, ṣé èyí ni ẹ gbọ́ lọ́jọ́ yẹn?"

"Òun ni."

"Lọ́dọ̀ wa, bí a ṣe ń pe bàbá nìyẹn." Ó pa ìwé dé, ó lọ fọ abọ́.

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ìfọ́n, mo bi màmá bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ní Kùmásì. Wọn ò rò ó kí wọ́n tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni.

"Ẹ mọ̀ ọ́n, màmá, ẹ sì jẹ́ kí ó gbá ọmọ létí?"

"Ìyàwó, gbọ́. Ẹni tí yóò pe ọmọ mi ní bàbá, mo fẹ́ kó ti ara rẹ̀ jáde."

Nígbà tí mo ro gbogbo ohun tí màmá sọ fún ọkọ mi, ó bẹ ọmọ náà. Ó ní kó pe òun bẹ́ẹ̀ kí gbogbo Ìlobù gbọ́. Ọmọ ní, "Ó ti tán, sà." Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi ṣì wà ní nínà, kò rí ẹni fà.

Ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo báyìí. Màmá ni ààyò rẹ̀. Èdè náà padà sí wọn lẹ́nu nígbà tó yá, bóyá àánú ni, bóyá àárò Kùmásì. Kò sí ẹlòmíràn tí ọmọ lè bá sọ èdè ìyá rẹ̀, nítorí náà bó bá ti ráyè, Ìfọ́n ló ń lọ. Láìpẹ́ yìí ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni màmá ti gbàgbé lọ́jọ́ yẹn. Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti dáhùn láti orí àga.

"Wọ́n gbàgbé ni. Arúgbó ni wọ́n."

"Ẹ ṣé, sà," ló wí, ó sì lọ wọ mọ́tò Ìfọ́n.

Mo ti rò ó títí. Kò sí ohun tí bàbá lè ṣe fún ọmọ tó ju ìyẹn lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ́ fún un.