Ìdánwò Tí Àlájì Ń Torí Rẹ̀ Gbààwẹ̀

Èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa lé mi níṣẹ́ ṣe. Tí ẹ bá ń sáré sí mi, ńṣe ni màá jókòó. Ìyá mi ní agídí tí mo gbé wáyé pọ̀ ju irun orí mi lọ.

Agídí yẹn ni mo gbé wọ yàrá kan ní Ìbà, níbi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ti ń ṣe dúróònù, ọkọ̀ kékeré tó ń fò láìní awakọ̀. A fẹ́ kó máa gbé oògùn láti etí omi Ọ̀jọ́ sọdá sí àwọn abúlé tó wà lódìkejì, kí aláìsàn má baà máa dúró de ọkọ̀ ojú omi.

Ọwọ́ Àlájì kan ni owó tí a fi ń ṣe é ti wá. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, àgbò ni wọ́n ń tà ní ọjà Alaba Rago, àbúrò wọn obìnrin sì wà nílé ọkọ lódìkejì omi yẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà láti bá wa ṣe é, wọ́n ní bí Iléyá bá tún yípo dé tí nǹkan náà ò tíì sọdá, àwọn ń kó owó àwọn lọ.

Ó ń fò o. Lórí pápá, ẹ ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé orí omi, tí atẹ́gùn bá gbá a, á sá padà wálé bí ọmọ tí ajá lé. A tún un ṣe títí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí a jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń sá. Mo ní oògùn ta ni yóò wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá sá?

Àlájì máa ń pè wá lóṣooṣù. Mi ò ní purọ́ fún wọn. Màá ní, "Àlájì, a ṣì wà nínú ìdánwò." Wọ́n á ní, "Ọlọ́run á kó yín yọ," wọ́n á sì gé fóònù. Iléyá dé, ó kọjá, wọn ò dárúkọ owó. Mo wá ń fi wọ́n yangàn káàkiri: olówó wo ló tún ní sùúrù báyìí?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kàn wọlé dé. Àgbà méjì láti mọ́sálásí tẹ̀ lé wọn, ọ̀kan gbé gálọ́ọ̀nù omi àdúrà dání. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì là ń jẹ, ọ̀rẹ́ mi sì ń rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀wà ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àlájì wò wá látòkè délẹ̀.

"Ta ló ń ṣàìsàn nínú yín?"

Mo ní kò sí.

"Àbí ẹjọ́ ni?"

"Rárá, Àlájì. Ara wa le."

"Ìdánwò wo wá lẹ ní ẹ wà nínú ẹ̀?"

Mo nawọ́ sí dúróònù tó wà lórí tábìlì. Mo ní, "Òun là ń dán wò, sà."

Ẹni tó gbé gálọ́ọ̀nù rọra gbé e sílẹ̀.

Àlájì ní, "Nítorí yín ni mo ṣe ń gbààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè. Mo sọ fún gbogbo Rago pé ayé ń bá àwọn ọmọ kan jà, pé a kì í béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ìdánwò. Ẹ̀yin wá jókòó, ẹ ń jẹ ẹ̀wà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ó wá yé mi. Sùúrù tí mo fi ń yangàn, ẹni tí wàhálà bá ni wọ́n ń ṣe é fún, kì í ṣe àwa.

Wọ́n dìde. "Ó yá, ẹ gbé e jáde. Kó sọdá lójú mi nísinsìnyí. Tí kò bá sọdá, mo ń kó owó tó kù lọ, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi ti ń gbé e. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Atẹ́gùn ọ̀sán yẹn ń ṣí páànù lókè orí wa. Agídí mi sì ti dé.

"Àlájì, ẹ má bínú, kò ní fò lónìí. Ṣé ẹ̀yin náà á kó àgbò wọ ọkọ̀ ojú omi nínú irú atẹ́gùn yìí?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí bí ẹni tó ya wèrè. Àlájì wo páànù tó ń mì, wọ́n wò ó pẹ́.

"Ọ̀la," ni wọ́n wí. "Lẹ́yìn ìrun àárọ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí wọ́n tó wá, la tún ohun tó ń darí dúróònù ṣe, kó má baà sá mọ́ tí atẹ́gùn bá gbá a. A ò tíì gbé e dé orí omi láti ìgbà náà. Nígbà tí a pàdé létí omi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlájì yọ dàbínù tí wọ́n fi ń ṣínu látinú àpò, wọ́n ní kí dúróònù gbé e fún àbúrò àwọn. Ó gbéra. Ó dé orí omi. Atẹ́gùn gbá a, ó sì ń fẹ̀yìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rẹ́ mi bojú. Ní tèmi, mo ti rí i pé ó parí.

Àlájì nìkan ni ara wọn balẹ̀. Wọ́n ní, "Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá."

Ó dúró lókè, ó ń gbọ̀n, ó kọjú sí atẹ́gùn, ó sì lọ. Ó lọ títí a ò fi rí i mọ́.

Fóònù Àlájì dún. Àbúrò wọn ni, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, dàbínù yìí dùn. Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

Mo bú sẹ́kún létí omi, mi ò sì tijú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí dúróònù wa padà dé, Àlájì ní kí àwọn àgbà mọ́sálásí, tí wọ́n tún bá wọn wá, gbé omi àdúrà wá, kí àwọn fi wẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án. Èmi ni wọ́n wá dà á lé lórí.

Dúróònù náà ti ń gbé oògùn sọdá báyìí. Lóṣù tó kọjá, Àlájì pè, mo ní a ti ń ṣe èyí tó tóbi jù ú lọ, a sì ti tún wà nínú ìdánwò.

Wọ́n ní, "Ìdánwò wo nínú méjèèjì?"

Mo ní èyí tó ń fò ni.

"Ẹ má kánjú," ni wọ́n wí. "Mi ò tíì jáwọ́ nínú ààwẹ̀ náà."